Bí ọlọ́pàá bá mú yín ní Kìṣí: ohun tí òfin sọ nípa mímú èèyàn, yíyẹ ilé wò àti gbígba ọ̀rọ̀ lẹ́nu afurasí

Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Òkè-Ògùn dáadáa mọ̀ pé Kìṣí kì í ṣe ìlú téèyàn ń ṣèèṣì gbà kọjá. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹpọ̀ ni, ìlú àgbẹ̀ oníṣu àti ọlọ́kà ni, ó sì fẹ̀yìn ti ààlà ìpínlẹ̀ Kwara. Láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kóra jọ sí, ìrìn-àjò ọlọ́pọ̀ wákàtí ni. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá bá gbé ẹnì kan ní Kìṣí lálẹ́, kì í ṣe lọ́yà ni àwọn ẹbí rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá. Ẹni tó mọ Dí-pí-ó ni wọ́n ń wá, bí wọn kò bá sì rí i, owó ni wọ́n ń wá.

Èyí kò yani lẹ́nu. Àwọn bàbá wa tó gbọ́njú bá akọ́dà ayé ìjọba òyìnbó, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí akọ́dà bá dé ẹnu ọ̀nà, kí onílé yáa wọ bàtà. Ta ló jẹ́ bi akọ́dà léèrè ohun tó bá wá? Ìbẹ̀rù yẹn la jogún, a sì fi wé ọlọ́pàá lórí. Bẹ́ẹ̀, òfin tó ń darí iṣẹ́ ọlọ́pàá lónìí kì í ṣe òfin ayé akọ́dà mọ́. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 wà níbẹ̀; òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2016. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ọlọ́pàá tuntun, èyí tó rọ́pò òfin tí àwọn òyìnbó ti fi lélẹ̀ láti ọdún 1943. Ohun tó wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, owó ni yóò fi rà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe kan ṣe é, kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wa. Àgbẹ̀ oníṣu kan ní Kìṣí gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà (₦200,000) lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ti Ìbàdàn wá, wọ́n sì jọ ṣàdéhùn pé bí àsìkò iṣu bá tó, àgbẹ̀ yóò kó iṣu ọkọ̀ kan fún un. Òjò kò rọ̀ bó ṣe yẹ, màlúù tún wọ oko, iṣu kò tó nǹkan, owó sì ti bá iṣẹ́ oko lọ. Oníṣòwò gba tèsàn lọ, ó ní jìbìtì ni wọ́n lu òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọlọ́pàá dé ilé àgbẹ̀ yìí, wọn kò bá a nílé, ni wọ́n bá mú ìyá rẹ̀ lọ, wọ́n ní ìgbà tí ọmọ bá yọjú ni ìyá yóò padà sílé. Àpèjúwe lásán ni mo pè é, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ni ọkàn yín ti lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni kí a fi ṣáájú, nítorí òun gan-an ni òfin kò fi sí abẹ́ aṣọ rárá. Ọlọ́pàá kò ní àṣẹ láti mú ẹnì kan rọ́pò ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó jọ pé kí wọ́n mú ìyàwó nítorí ọkọ, tàbí kí wọ́n mú àbúrò nítorí ẹ̀gbọ́n. Òfin ọdún 2015 sọ ọ́, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 tún un sọ. Kí àwọn òfin méjèèjì tó dé pàápàá, Ilé-Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ẹjọ́ tó wà láàárín báńkì African Continental Bank àti Okonkwo, tí ìdájọ́ rẹ̀ wà nínú àkójọ ìdájọ́ ọdún 1997. Adájọ́ Niki Tobi, tó padà di adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ tó ga jù lọ, ló sọ ọ́ níbẹ̀ pé òun kò mọ òfin kan tó fún ọlọ́pàá láyè láti mú ìyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ, pé ẹni tó bá dáràn ló ń ru ẹrù ọ̀ràn rẹ̀. Àwa Yorùbá kò nílò ilé-ẹjọ́ kí a tó mọ èyí. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé.

Owó iṣu náà ńkọ́? Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, àti ẹni tó jẹ gbèsè, àti ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Òfin ọlọ́pàá sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ gbèsè tàbí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Ilé-ẹjọ́ ni ibi tí a ti ń gba gbèsè, kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gba owó bá ti purọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní oko rárá, tó kàn lọ fi oko olóko han oníṣòwò, jìbìtì nìyẹn, iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ni. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tó wà lọ́kàn olùgbowó ní ọjọ́ tó ń gba owó. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, ì báà jẹ́ orí bébà ìwé ọmọ ilé-ìwé, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Bébà yẹn nìkan ló lè fi han ọlọ́pàá pé òwò ló bàjẹ́, pé kì í ṣe olè ni ẹni tó wà níwájú òun.

Ká wá ní àgbẹ̀ náà ti ti oko dé, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí tèsàn kí wọ́n lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ti sọ fún un pé kò lè padà sílé mọ́, ó ti di ẹni tí a mú, òfin sì ti gbé ẹrù lé ọlọ́pàá lórí. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un lójú ẹsẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ pé ibi tó ti ń dáràn lọ́wọ́ ni wọ́n ti mú un tàbí pé ó ń sá lọ. Abala 35 ìwé òfin ọdún 1999 sì tún sọ pé láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní àlàyé ẹ̀sùn náà ní kíkọ sílẹ̀, ní èdè tó gbọ́. Ní Kìṣí tí Yorùbá, Bàrìbá, Fúlàní àti Haúsá ti jọ ń ná ọjà kan náà, ọ̀rọ̀ èdè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Fúlàní darandaran tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n wá ẹni tí yóò túmọ̀ fún un. Ẹ̀tọ́ yẹn kò yàtọ̀ sí ti onílẹ̀, bó ti wù kí inú bí wa tó nítorí oko tí màlúù jẹ.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò jà, tí kò fẹ́ sá, tí kì í sì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, wọn kò gbọ́dọ̀ dè é. Àwa náà ní ipa tiwa: ẹ má bá ọlọ́pàá jà, ẹ má sì sá. Ẹni tó bá fi ìjà dáhùn mímú tí kò bófin mu ti fún wọn ní ẹ̀sùn mìíràn tó bófin mu. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ wọn àti tèsàn tí wọ́n ti wá, kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan nínú ilé mọ ibi tí wọ́n ń gbé yín lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọdẹ, àwọn fijilanté àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni ojú wọn kọ́kọ́ ń rí ọ̀daràn ní ìgbèríko, pàápàá ní apá ibi tí igbó ọba Old Oyo National Park wà. Òfin gba ará ìlú láyè láti mú ẹni tó bá ń dáràn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara. Àhámọ́ kò sí ní ilé ọdẹ. Ẹni tí wọ́n bá so mọ́ igi mọ́jú nítorí ewúrẹ́ lè pe àwọn tó so ó lẹ́jọ́, kódà kó jẹ́ pé òun ló jí ewúrẹ́ náà gbé lóòótọ́.

Ní ti yíyẹ ara wò, obìnrin ni yóò yẹ ara obìnrin wò, ọkùnrin ni yóò yẹ ara ọkùnrin wò, àfi bí ọ̀rọ̀ bá le débi pé kò sáyè. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ilé wò, ẹ béèrè ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́, kí ẹ sì kà á kí ẹ mọ̀ bóyá ilé yín ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn ìgbà kan wà tí òfin gbà wọ́n láyè láti wọlé láìsí ìwé, bí ìgbà tí wọ́n ń lé afurasí lọ́wọ́ tó sì sá wọlé. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹlẹ́hàá ló sá wọ̀, òfin ọdún 2015 ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún obìnrin náà, kí wọ́n sì fún un láyè láti jáde kúrò. Ẹ pe aládùúgbò méjì kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí ẹ sì sọ tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé kí àwọn ọlọ́pàá náà na ọwọ́ àti àpò wọn kí ẹ rí i kí wọ́n tó wọlé. Ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí èyí, nítorí pé ó ń gba òun náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké. Ohunkóhun tí wọ́n bá kó lọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Abala 37 ìwé òfin dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí tẹlifóònù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, kìlọ̀ fún àwọn ọmọ SARS àti ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n yé yẹ fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn wò lójú pópó. Ìkìlọ̀ náà pẹ́ jù. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ́de lòdì sí SARS, ìbọn ba ọ̀dọ́kùnrin kan, ó sì kú. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 11, ni wọ́n tú SARS ká, lẹ́yìn ọdún 28 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, àwọn èèyàn sì wá sọ ohun tí ojú wọn rí. Nígbà tí àwọn kan bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Èkó ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo máa ń rán wọn létí, nítorí ojú ọ̀nà wa nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni inú yàrá tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń sọ ẹni tí kò ṣe nǹkan di ọ̀daràn, pẹ̀lú bírò àti bébà. Abala 35 sọ pé ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, láti má dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Òfin kò sọ pé lọ́yà nìkan. Ó mọ̀ pé àwọn ìlú kan wà tí lọ́yà kò pọ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà sọ pé afurasí lè ní kí agbẹjọ́rò òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council, ẹgbẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ran tálákà lọ́wọ́ lórí ẹjọ́, tàbí ẹni tó jẹ́ Jọ́ọ́sì-Píìsì, tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn. Tíṣà àdúgbò lè jókòó tì yín. Lèmọ́ọ̀mù lè jókòó tì yín, pásítọ̀ náà lè ṣe é. Dídákẹ́ kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń sọ nílé wa pé ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe yẹn dára fún ilé. Ní tèsàn, ẹ kọ́kọ́ dákẹ́ ná.

Bí ẹ bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ bá sọ lè padà jáde ní kóòtù. Ẹni tó mọ̀wé, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó sọ ọ́ ní èdè rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè yẹn bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì kà á fún un pátápátá kó tó tẹ̀ka. Ẹ má ṣe tẹ̀ka sí òfìfo bébà, ẹ má sì ṣe tẹ̀ka sí ohun tí a kò kà fún yín nítorí pé ẹnì kan sọ pé béèlì ni ìwé náà wà fún. Ìka tó bá ti tẹ̀, lọ́yà tó bá dé lọ́la yóò ṣòro fún un láti yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá ti jẹ yín níyà kí ẹ tó sọ̀rọ̀, òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò gba irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ kan tó ti ìpínlẹ̀ Èkó wá, Ilé-Ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ìjẹ́wọ́ kan dànù nítorí pé wọ́n gbà á láìsí agbẹjọ́rò níbẹ̀ tí wọn kò sì ká a sórí fídíò, gẹ́gẹ́ bí òfin Èkó ti ní kí wọ́n ṣe. Ọlọ́pàá tó bá sì ń fi ìyà gba ọ̀rọ̀, kí ó rántí òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ìparí ọdún 2017: ó lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 25 jura. Òfin yẹn kò fàyè gba àwáwí pé ọ̀gá ló pàṣẹ. Ẹni tí wọ́n bá lù ní ẹ̀tọ́ kí dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn yẹ òun wò, kí ó sì tètè lọ kí ojú ọgbẹ́ tó jiná.

Mélòó wá ni ọjọ́ tí wọ́n lè fi ti àgbẹ̀ wa mọ́lé? Ohun tí a máa ń gbọ́ ní ìgboro ni wákàtí 24, àwọn mìíràn á ní 48, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sì máa jiyàn. Àwọn méjèèjì tọ̀nà, ibi tí èèyàn wà ló ń pinnu rẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ tó láṣẹ lórí ẹ̀sùn náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n tì í mọ́, ọjọ́ kan ni ìwé òfin fún wọn láti gbé e dé ibẹ̀. Bí kò bá sí irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ bá rí i pé ó tọ́. Ìwé òfin kò ní kí ọlọ́pàá ni kó pinnu ohun tó tọ́. Láti Kìṣí, Ìgbòho kò tó kìlómítà 40 bí a bá wọ̀n ọ́n bí ẹyẹ ṣe ń fò, ṣùgbọ́n Ṣakí jù ú lọ dáadáa. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé nítorí pé ọ̀nà jìn ni àwọn kò fi tíì gbé e lọ sí kóòtù, ẹ bi wọ́n pé kóòtù wo, níbo ló wà. Òfin yìí kò kan ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó pa èèyàn tàbí pé ó digunjalè, nítorí pé ikú ni ìyà rẹ̀. Ti wọn yàtọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú àgbẹ̀ wa, ẹ rántí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀tá òun sun tèsàn mọ ọjọ́ tí à ń mú èèyàn, nítorí kóòtù kì í jókòó ní Sátidé. Ṣùgbọ́n tèsàn kì í ti ilẹ̀kùn, òfin sì ti rò ó ṣáájú wọn: bí kò bá ṣeé ṣe láti gbé afurasí dé kóòtù láàárín wákàtí 24, tí ẹ̀sùn náà kì í sì í ṣe ti ikú, kí ọ̀gá tèsàn fún un ní béèlì. Béèlì yìí, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri ọ̀pọ̀ tèsàn ní ilẹ̀ yìí, àwọn èèyàn sì ń ka owó lábẹ́ àkọlé náà gan-an. Oníduùró ni wọ́n lè béèrè, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n lé obìnrin padà pé kò lè dúró fún èèyàn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún un ní béèlì, ẹbí rẹ̀ lè lọ bá májísíréètì kí wọ́n sì fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún un; òfin gbà á, kò di dandan kí ó wà lórí ìwé. Májísíréètì lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹni náà wá síwájú òun.

Ẹni tí wọ́n bá ti tì mọ́lé láìtọ́, abala 35 fún un ní owó ìtanràn àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni a ti ń gbà á, lábẹ́ abala 46, àwọn ìlànà tí adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa ṣe lọ́dún 2009 sì ti mú un rọrùn: kò sí iye ọdún tí ẹjọ́ náà lè fi kú, ẹlòmíràn sì lè pè é nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ń gba ẹ̀sùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ka tí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn dá sílẹ̀ lọ́dún 2015 láti máa gbọ́ ẹ̀sùn lórí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn.

Ohun kan tún kù tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé ní oṣooṣù, kí ọ̀gá tèsàn kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìsí ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísíréètì tó sún mọ́ wọn jù lọ, yálà wọ́n ti fún wọn ní béèlì tàbí wọn kò tíì fún wọn. Májísíréètì àgbà náà, tàbí ẹni tí wọ́n bá yàn dípò rẹ̀, gbọ́dọ̀ máa ṣèbẹ̀wò sí tèsàn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó wo ìwé àkọsílẹ̀, kí ó wo inú àhámọ́, kí ó sì tú ẹni tó yẹ sílẹ̀. Àwọn àgbààgbà Kìṣí, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, àwọn tó ń jókòó sí ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá àti ará ìlú, ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ yín ni pé: oṣù wo ni májísíréètì wá gbẹ̀yìn, àwọn wo ló sì bá nínú àhámọ́ lọ́jọ́ náà?